Ojú Kì Í Ṣe Ìwọ̀n: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ sí Àwo Bàbá Àgbà ní Opebi

Nínú ilé kan lẹ́bàá Opebi Road, n'Ìkẹjà, àwo orin kan wà tí tọmọdé tàgbà ìdílé náà ń pè ní àwo Bàbá Àgbà. Bàbá Àgbà kì í ṣe olórin. Oníṣòwò aṣọ òkè ni, ó sì lawọ́. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí owó epo ń ṣàn nílẹ̀ yìí, tí òkú àgbà kì í wọlẹ̀ láìsí ẹgbẹ́ jùjú lójú agbo, ó gbé ẹgbẹ́ kan wá síbi ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó náwó fún wọn débi pé nígbà tí wọ́n wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, wọn kò gbàgbé rẹ̀. Wọ́n kì í sínú àwo: orúkọ rẹ̀, orúkọ ìyàwó rẹ̀, ìlú tó ti wá àti òwò tó ń ṣe. Ìparí ojú kejì ni wọ́n fi oríkì náà sí, níbi tí orin ti gbóná, tí gángan ń fọhùn, tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń dáhùn, tó kù díẹ̀ kí abẹ́rẹ́ dé bébà àárín àwo. Ibi tí oríkì náà bọ́ sí yìí ló sọ àṣìṣe kékeré di àdánù ńlá. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé náà, nítorí ẹ̀kọ́ ni mo fẹ́ ká kọ́, kì í ṣe pé ká fi ẹnikẹ́ni ṣẹ̀sín.

Àkọ́bí Bàbá Àgbà ló jogún àwo náà, pẹ̀lú páálí tó kún fún àwọn mìíràn: Haruna Ishola, I. K. Dairo, Tunde Nightingale, Ebenezer Obey, Fela. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní Alàgbà, torí oyè rẹ̀ nínú ìjọ nìyẹn. Alàgbà ti fẹ̀yìn tì. Ọ̀kan nínú àwọn fákítìrì tó wà ní àgbègbè iléeṣẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn là sílẹ̀ n'Ìkẹjà kí a tó gbòmìnira ló ti ṣiṣẹ́ títí irun rẹ̀ fi funfun. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó gé irin, kí ó sì máa lọ̀ ọ́ títí yóò fi wọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó wọ̀, tí kò ní há, tí kò sì ní jó. Maikirómítà kì í jìnnà sí ọwọ́ rẹ̀, ìyẹn irin ìwọ̀n tó lè fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mìlímítà hàn. Ọmọ iṣẹ́ tó bá fojú wọn irin, tó wá ní, "Ọ̀gá, ó ti tó," ilé ni Alàgbà máa ń lé e lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní London ló fi tọ́ńtébù ránṣẹ́ sí i. Technics SL-1200 ni, irú èyí tí iléeṣẹ́ ará Japan kọ́kọ́ gbé jáde ní 1972, tí àwọn dìjéè sọ di ààyò kárí ayé nítorí pé mọ́tò rẹ̀ lágbára, eré rẹ̀ kì í sì í yẹ̀. Ẹ̀rọ gidi ni, àmọ́ kò ní kátíríìjì. Kátíríìjì ni ọmọ àpótí tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì wà lẹ́nu rẹ̀. Òun ló ń gba bí abẹ́rẹ́ ṣe ń gbọ̀n nínú ipa àwo, tó ń sọ ọ́ di iná mànàmáná, kí ampilifáyà tó gbé e fún súpíkà. Ẹni tó ta ẹ̀rọ náà ní London ti yọ tirẹ̀ kó tó tà á. Bẹ́ẹ̀ ọjọ́ ìrántí Bàbá Àgbà ti kù sí dẹ̀dẹ̀, Alàgbà sì ti kéde fún gbogbo ẹbí pé ojú kejì àwo náà ni wọ́n máa fi ṣí ijó.

Kò sí àkókò láti máa ránṣẹ́ sókè òkun mọ́. Alàgbà rí kátíríìjì tòkunbọ̀ kan rà. Ẹni tó tà á kò mọ iye ọdún tí wọ́n ti fi lu àwo, Alàgbà náà kò sì béèrè. Ó wá gbé ẹ̀rọ náà tọ ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, ní Otigba. Ọwọ́ ọmọ náà mọ́ púpọ̀. Kò sí wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó tí kò lè jó pọ̀.

"Ṣé o mọ èyí dè?" Alàgbà bi í.

"Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bóòtù méjì àti wáyà mẹ́rin ni gbogbo ẹ̀."

Kò parọ́. Bóòtù méjì àti wáyà mẹ́rin ni lóòótọ́: funfun àti búlúù fún ọwọ́ òsì, pupa àti aláwọ̀ ewé fún ọwọ́ ọ̀tún. Ó so wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin síbi tó yẹ. Àmọ́ ojú ihò tí bóòtù ń gbà kọjá lórí apá ẹ̀rọ kì í ṣe ihò róbótó. Ihò gbọọrọ ni, kí èèyàn lè ti kátíríìjì síwájú tàbí sẹ́yìn, kó sì yí i díẹ̀ sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà. Ọmọ náà tì í sẹ́yìn dé òpin, ó fún bóòtù pinpin, ó gbé e sókè, ó fojú kan wò ó.

"Bàbá, ó ti tọ́."

Alàgbà náà wò ó. "Ó tọ́ lóòótọ́," ló wí.

Ó wá ku irin ìdọ́gba tó wà ní ìdí apá, èyí tó ń pinnu bí abẹ́rẹ́ yóò ṣe tẹ àwo tó. Òrùka onínọ́ńbà wà lára irin náà. Ohun tó tọ́ ni kí èèyàn kọ́kọ́ yí irin náà títí apá yóò fi léfòó, tí kò ní ròkè, tí kò ní rọlẹ̀. Ìgbà náà ni yóò yí òrùka nìkan sí òdo, lẹ́yìn náà ni yóò wá yí irin pẹ̀lú òrùka dé gíráàmù tí iléeṣẹ́ tó ṣe kátíríìjì sọ. Láìṣe bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà náà kì í wọn nǹkan kan. Ọmọ náà rí nọ́ńbà méjì, ó gbọ́ pé gíráàmù méjì ni wọ́n ń lò, ó yí òrùka sí méjì, ó ní ó parí.

Ẹnì kan lè béèrè pé, kí ni mìlímítà díẹ̀ síwájú tàbí sẹ́yìn já mọ́? Nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ipa orin sójú àwo níléeṣẹ́, irin tó ń gbẹ́ ẹ máa ń rìn gbọọrọ láti etí àwo lọ sí àárín. Apá tọ́ńtébù kò lè rìn bẹ́ẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n kàn mọ́ ojú kan, nítorí náà bí ilẹ̀kùn ṣe ń ṣí lára òpó ni òun náà ṣe ń yí wọlé. Bí abẹ́rẹ́ bá dojú kọ ipa gan-an níbì kan, yóò wọ́ díẹ̀ níbòmíràn. Kò sí bí a ṣe lè mú wíwọ́ náà kúrò pátápátá. Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a dín in kù.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1922, Àlùfáà Josiah Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fela, kọ orin ẹ̀mí ní èdè Yorùbá sínú àwo fún iléeṣẹ́ Zonophone ní London. Abẹ́rẹ́ irin ni giramafóònù ń lò láyé ìgbà náà, wọ́n sì ń pààrọ̀ rẹ̀ lemọ́lemọ́. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1924, Percy Wilson kọ̀wé nínú ìwé ìròyìn The Gramophone nílùú òyìnbó, ó ṣàlàyé bó ṣe yẹ kí abẹ́rẹ́ dojú kọ ipa. Ní 1938, Erik Löfgren, ará Sweden, ṣe ìṣirò rẹ̀ kúnná. H. G. Baerwald tún gbé tirẹ̀ jáde ní 1941. Ohun tí ìṣirò wọn fi hàn ni pé bí wọ́n bá tẹ orí apá sínú díẹ̀, tí wọ́n sì jẹ́ kí ẹnu abẹ́rẹ́ kọjá irin àárín àwo díẹ̀, wíwọ́ náà yóò kéré káàkiri ojú àwo, ibi méjì yóò sì wà tí abẹ́rẹ́ ti máa tọ́ gbọnrangandan. Nínú ìwọ̀n Baerwald tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò fún elípíì, ibi méjì náà jẹ́ mìlímítà 66 àti mìlímítà 121 sí àárín àwo, tàbí kó fi díẹ̀ dín.

Ní ti SL-1200, mìlímítà 215 ló wà láàárín ìdí apá àti irin àárín àwo, nígbà tí apá fúnra rẹ̀ gùn tó 230 dé ẹnu abẹ́rẹ́. Ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ fi mìlímítà 15 kọjá àárín. Kí ẹni tó rà á má baà ṣìnà, iléeṣẹ́ náà máa ń fi ike ìwọ̀n kékeré kan sínú páálí ẹ̀rọ, tó ń fi hàn pé ẹnu abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ jìnnà tó mìlímítà 52 sí ìdí ibi tí orí apá ti wọlé. Tòkunbọ̀ ni ẹ̀rọ Alàgbà. Ike náà kò bá a wá.

Ibi tí àṣìṣe yìí ti ń hàn jù ni ìparí ojú àwo. Elípíì ń yí ní ìgbà 33 àti ìdámẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, eré yẹn kì í sì í yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àmọ́ ìyípo etí àwo gùn, ti àárín kúrú. Létí àwo, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 51 ipa orin ló ń kọjá lábẹ́ abẹ́rẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí abẹ́rẹ́ bá fi máa dé ẹ̀gbẹ́ bébà àárín, kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 lọ. Ohùn tó ń gba ilẹ̀ tó gbòòrò tẹ́lẹ̀ ti wá há sínú ilẹ̀ tí kò tó ìdajì rẹ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá wọ́ níbẹ̀, ohùn tó tínrín ló kọ́kọ́ ń bàjẹ́: ìró "s" àti "ṣ" lẹ́nu akọrin, agogo, àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa gan-an. Olórin tó bá ń to orin kéékèèké sójú àwo lè fi èyí tó rọlẹ̀ sí ìparí. Orin jùjú wa kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ elípíì jùjú ló jẹ́ pé orin kan wọnú òmíràn láìdúró láti etí àwo dé àárín, tí ó sì ń gbóná bó ṣe ń lọ. Ìparí ni onígángan ń ti ara rẹ̀ bọ́, ibẹ̀ ni ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń hó, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti máa ń ki àwọn tó ń náwó. Ibi tí oríkì máa ń wà jù ni ibi tí abẹ́rẹ́ tí wọn kò dè dáadáa ti ń bàjẹ́ jù.

Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Alàgbà dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Gìtá bẹ̀rẹ̀ létí àwo, ó dún kedere, Alàgbà sì rẹ́rìn-ín. Nígbà tí orin dé ìparí, ohùn olórin bẹ̀rẹ̀ sí í há, gbogbo "s" ń hó bí ẹni ń ta epo gbígbóná. Alàgbà ronú díẹ̀, ó ní, "Abẹ́rẹ́ yìí ń tẹ àwo jù. Ó máa há a bó bá ń tẹ̀ ẹ́ báyìí." Ó fi fóònù pe ọmọkùnrin náà, ìyẹn ní kí wọ́n yí irin ìdọ́gba sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n yí i. Ohùn náà tún burú sí i.

Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé bí abẹ́rẹ́ bá ṣe fúyẹ́ tó ni yóò ṣe ṣàánú àwo tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Abẹ́rẹ́ tó fúyẹ́ jù kì í lè di ẹ̀gbẹ́ ipa mú. Níbi tí ìlù bá ti dún kíkan, yóò fò kúrò lára ẹ̀gbẹ́ kan, yóò balẹ̀ lára ẹ̀gbẹ́ kejì. Dáyámọ́ńdì ni abẹ́rẹ́, ike ni àwo. Ibi tó bá balẹ̀ sí, ó ti dá ọgbẹ́ síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Wọ́n ta kánópì sójú ọ̀nà, ìrẹsì ń hó nínú ìkòkò lẹ́yìn ilé, iná lọ, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ fèrèsé yàrá tí tọ́ńtébù wà. Ilẹ̀ ń gbọ̀n. Alàgbà gbé ojú kejì sí i, àwọn ẹbí dìde, orin dé ibi tí wọ́n fẹ́ẹ́ dárúkọ Bàbá Àgbà, abẹ́rẹ́ sì fò. Wọ́n gbé e padà, ó tún fò níbì kan náà. Ìgbà náà ni àgbàlagbà kan ké láti ibi tó jókòó sí pé, "Ẹ fi kọ́bọ̀ lé e lórí!"

Gbogbo ẹni tó bá dàgbà nílé tí giramafóònù wà mọ ọgbọ́n yìí. Owó irin kan lórí apá, abẹ́rẹ́ kò ní fò mọ́. Wọ́n wá owó irin, wọ́n gbé e lé e, orúkọ Bàbá Àgbà jáde, ariwo ayọ̀ sọ. "Ẹ tún un gbé!" Wọ́n tún un gbé. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ní àwọn kò gbọ́ ọ, wọ́n tún gbé e fún àwọn náà. Títí ilẹ̀ fi ṣú ni abẹ́rẹ́ tí kò tọ́, tí ẹnìkan kò mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ń fi ìwúwo owó irin rìn lórí oríkì yẹn.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Alàgbà jókòó láti gbọ́ àwo náà ní ìdákẹ́jẹ́. Ìbẹ̀rẹ̀ ṣì dára. Ìparí ti di kíkùn. Orúkọ ìyàwó Bàbá Àgbà, tó ní "ṣ" méjì nínú, kò yàtọ̀ sí ìró tí bébà ń ṣe bí wọ́n bá ń rún un mọ́wọ́. Alàgbà ní eruku ni, ó fọ àwo náà. Ó ní iná ló ń ṣe ségesège, ó ra sitebiláísà. Ó ní súpíkà ni, ó yá ti ìjọ wá dán an wò. Nígbà tó yá, ó ní àwo ti gbó, pé bí nǹkan àtijọ́ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Ẹni tó já irọ́ yẹn ni ọ̀rẹ́ ìdílé kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Onírédíò. Ó ti ṣiṣẹ́ rí ní yàrá àwo iléeṣẹ́ rédíò kan, níbi tó jẹ́ pé wọn kì í gba àwo padà lọ́wọ́ ẹni tó bá há a. Kò tíì jókòó tó ti tẹjú mọ́ apá ẹ̀rọ.

"Alàgbà, ta ló de kátíríìjì yìí?"

"Ọmọ kan ní Otigba ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó mọ iṣẹ́."

"Kí ló fi wọ̀n ọ́n?"

"Ojú la fi wò ó. Ó tọ́."

"Gíráàmù mélòó ló ń tẹ̀?"

Alàgbà nàka sí nọ́ńbà tó wà lára òrùka. Bàbá Onírédíò rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Nígbà tí ẹ wà ní fákítìrì," ó ní, "bí ọmọ iṣẹ́ bá gbé irin wá, tó ní ojú lòun fi wọ̀n ọ́n, kí lẹ máa ń ṣe fún un?"

Alàgbà kò fèsì. Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn láti ilé ìdáná: "Ilé ló máa ń lé e lọ!"

Nígbà tí Bàbá Onírédíò padà wá, ó gbé òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn ìtẹ̀ abẹ́rẹ́ dání. Láìsí owó irin, abẹ́rẹ́ kò tẹ àwo tó gíráàmù kan, bẹ́ẹ̀ méjì ni iléeṣẹ́ tó ṣe irú kátíríìjì náà sọ. Bí wọ́n ṣe gbé owó irin lé e, ó fò kọjá ìlọ́po méjì ohun tó yẹ. Ó mú páálí ìwọ̀n jáde, bébà líle tí wọ́n sàmì sí ibi méjèèjì tí mo sọ lókè, ó fi ihò rẹ̀ bọ irin àárín, ó sọ abẹ́rẹ́ sórí àmì. Kátíríìjì kò bá ilà mu rárá. Ó ti fà sẹ́yìn, ó sì wọ́. Lẹ́yìn náà ó fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹnu abẹ́rẹ́. Ẹnu tó yẹ kó rí róbótó ti lọ̀ pẹlẹbẹ ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ó ti ní etí bí ojú àáké. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì kì í lò títí ayé. Ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ tó ń ṣe é ní kí èèyàn pààrọ̀ rẹ̀ láàárín wákàtí 500 sí 1,000 tó bá ti fi lu àwo.

Wọ́n ra kátíríìjì tuntun. Bàbá Onírédíò gbé tọ́ńtébù jìnnà sí fèrèsé jẹnẹrétọ̀, ó fi omi ìwọ̀n bíríkìlà rí i dájú pé tábìlì tẹ́jú. Ó de kátíríìjì láì fún bóòtù pa, ó mú apá léfòó, ó yí òrùka sí òdo, ó tẹ̀ ẹ́ dé gíráàmù méjì, ó tún fi òṣùwọ̀n wò ó. Ó sọ abẹ́rẹ́ sórí àmì àkọ́kọ́, ó yí kátíríìjì díẹ̀, ó lọ sí àmì kejì, ó tì í síwájú díẹ̀, ó padà sí àkọ́kọ́. Bó bá ti tọ́ níbì kan, á tún ti yẹ̀ níbì kejì. Ó ń lọ ó ń bọ̀ títí ó fi bá ilà mu níbi méjèèjì, ìgbà náà ló tó fún bóòtù. Iṣẹ́ náà gbà á ní ọ̀sán kan. Kí ó tó lọ, ó yí bọ́tìnì tó ń dènà agbára tí ń fa apá wọ àárín, ó gbé e sí iye kan náà pẹ̀lú ìtẹ̀ abẹ́rẹ́.

Wọ́n gbé àwo Obey kan tí wọn kò lù lọ́jọ́ ìrántí sí i. Láti etí dé bébà, ohùn náà mọ́ gaara, agogo ń ró, kò sí "s" tó hó. Gbogbo ilé dunnú. Wọ́n wá gbé àwo Bàbá Àgbà sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìparí ṣì ń kùn. Ẹ̀rọ ti sàn, àwo kò sàn.

Àlàyé tí Bàbá Onírédíò ṣe fún wọn ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ní àwo gbọ́. Kátíríìjì tó wọ́, ó ní, etí ẹni tó ń gbọ́ orin ló ń dà láàmú jù. Bó bá jẹ́ pé ìyẹn nìkan ló ṣe ẹ̀rọ náà, ọjọ́ tí wọ́n tún un ṣe ni ohùn ì bá padà bọ̀ sípò. Ohun tó dá ọgbẹ́ sójú àwo ni abẹ́rẹ́ tó ti lọ̀ pẹlẹbẹ, ìtẹ̀ tí wọ́n dín kù láìwọ̀n, àti owó irin tí wọ́n gbé lé e. Ìyẹn ni pé àṣìṣe àkọ́kọ́ ṣeé tún ṣe. Àwọn àtúnṣe tí wọ́n fi àbá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ ni kò ṣeé tún ṣe. Alàgbà gbọ́ ìró tí kò dára, dípò kí ó wádìí ohun tó fà á, ó wá ohun tó máa pa á lẹ́nu mọ́.

Wọ́n wá àwo náà lọ́tùn-ún lósì láti rí òmíràn rà. Wọn kò rí i. Ẹgbẹ́ kékeré ni ẹgbẹ́ náà, àwo tí wọ́n tẹ̀ kò pọ̀. Téèpù tí wọ́n fi gbohùn náà sílẹ̀ ńkọ́? Ẹ wo ohun tójú àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá pàápàá rí: Decca tó wà nílẹ̀ wa di Afrodisia, EMI di Ivory Music, Polygram di Premier. Nínú gbogbo pípààrọ̀ ọwọ́ yìí, ọ̀pọ̀ téèpù ni kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wọlẹ̀ sí. Nígbà tí àwọn sójà kọlu Kalakuta, ilé Fela, ní Agege Motor Road ní ọjọ́ 18 oṣù kejì 1977, tí wọ́n sì dáná sun ún, ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ fún fíìmù rẹ̀, The Black President, bá iná lọ. Bí ti olókìkí bá lè rí bẹ́ẹ̀, kí la fẹ́ sọ nípa ti ẹgbẹ́ tí ìlú kan péré mọ̀? Nígbà tí àwọn iléeṣẹ́ òkè òkun bí Strut àti Soundway bẹ̀rẹ̀ sí í tún orin Nàìjíríà àtijọ́ gbé jáde láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún yìí, ọ̀pọ̀ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ pé ojú àwo ni wọ́n ti ń gba ohùn, torí kò sí téèpù mọ́. Àwo tó wà nínú páálí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín lè jẹ́ ẹ̀rí kan ṣoṣo tó kù láyé pé ẹnì kan kọrin rí.

Ẹ̀bi ta ni? Àwọn kan nínú ẹbí di í ru ọmọ Otigba. Mi ò gbà. Ọmọ náà ṣe ohun tó mọ̀, ó sì ṣe é dáadáa. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ní tọ́ńtébù rí, kò sì lọ bẹ Alàgbà pé kó jẹ́ kí òun ba àwo rẹ̀ jẹ́. Ẹni tó mọ ìwọ̀n ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Alàgbà tí kò jẹ́ gba irin tí wọ́n fojú wọ̀n fún iṣẹ́ oníṣẹ́, gba kátíríìjì tí wọ́n fojú dè fún ogún bàbá rẹ̀, nítorí pé ayẹyẹ ti súnmọ́lé, tí ẹbí sì ń retí ijó. Kì í ṣe àìmọ̀kan ló ba àwo náà jẹ́, ìkánjú ni. Ọ̀pọ̀ wa ló rí bẹ́ẹ̀: a mọ òfin iṣẹ́ wa lámọ̀dunjú, ṣùgbọ́n bí a bá ti dé ilé, a ó máa fi àbá ṣe nǹkan.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní àwo àtijọ́ nílé, ẹ gbọ́ o. Bí ẹ bá ra kátíríìjì tòkunbọ̀, abẹ́rẹ́ tuntun ni kí ẹ fi sí i kí ẹ tó lò ó. Páálí ìwọ̀n kì í wọ́n, èèyàn tiẹ̀ lè rí èyí tó máa tẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ ẹ fi rúlà wò ó kí ẹ tó gbà á gbọ́, torí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lè sún un kì. Ẹ ra òṣùwọ̀n abẹ́rẹ́. Àwo tí kò níye lórí ni kí ẹ fi dán ẹ̀rọ wò, ẹ má fi àwo tí ẹ fẹ́ràn jù dán an wò. Bí abẹ́rẹ́ bá ń fò tàbí tí ohùn bá ń hó, ẹ gbé apá sókè, kí ẹ wádìí ohun tó fà á. Ẹ má gbé owó irin lé e. Àwo tí ẹ kò ní ìkejì rẹ̀, ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ gbé e lé ẹ̀rọ tó tọ́ ni kí ẹ gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, èyí tó wà nínú kọ̀ǹpútà sì ni kí ẹ máa fi jó.

Bí ẹ kò bá sì tíì rí ìwọ̀n, ẹ fi àwo náà sílẹ̀ nínú páálí rẹ̀. Ibi tó wà yẹn, kò sí ohun tó ń ṣe é.